Ta Ni Yóò Sọ Iye Owó Ẹrù? Bí Ìjọba Ṣe Dá sí Owó Rélùwéè àti Lọ́rì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Láàárín Ogun Méjì



Gbogbo wa la mọ̀ pé iye tí a bá ta irè oko kọ́ ni gbogbo owó tó ń wọ àpò wa. A ó kọ́kọ́ yọ owó àpò kúrò, a ó yọ owó alábàárù, a ó sì yọ owó ọkọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni tiwa. Nínú gbogbo owó wọ̀nyí, owó ọkọ̀ ló máa ń ṣòro jù láti bá ẹni jiyàn lé lórí. Ẹrù ti wà lẹ́bàá ọ̀nà, òjò ń ṣú, ọjà ọ̀la ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Iye tí olọ́kọ̀ bá pè la ó san.

Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ máa bi ara wọn: ta ló yẹ kó máa sọ iye owó ẹrù? Ṣé olọ́kọ̀ ni, ṣé ẹlẹ́rù ni, àbí ìjọba? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí ní 1918 àti ìgbà tí Ìkejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ìjọba gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú òfin lórí òfin. Àwọn kan nínú òfin náà ṣe ẹlẹ́rù lóore. Àwọn kan sì yí padà di ohun tí ẹni tó ṣe é kò rò. A fẹ́ ṣàlàyé bí ó ti rí, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ẹrù lọ sọ́jà.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÌJỌBA FI DÁ SÍ I?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìjọba kọ́ ló ni rélùwéè. Àwọn kọ́ńpìnnì aládàáni ló fi owó ara wọn la ọ̀nà irin. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo ló ní irin tó dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò bá fẹ́ san iye tí wọ́n pè, kò ní ọ̀nà mìíràn tó dára láti fi wàrà àti ọ̀dùnkún rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Ẹni tó bá dá nìkan ṣe ọjà, kò sí ẹni tí yóò bá a dọ́wọ̀ọ́.

Ìdí nìyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de àwọn kọ́ńpìnnì náà. Òfin ọdún 1854 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú: iye tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù fún irú ẹrù kan náà. Lẹ́yìn òfin ọdún 1888, ìjọba fi òté lé iye tó ga jù tí wọ́n lè gbà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1893 tí òté tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn kọ́ńpìnnì gbé ọ̀pọ̀ owó ẹrù wọn lọ sókè dé ibi tí òfin gbà wọ́n láyè dé. Àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ figbe ta. Ní 1894, òfin mìíràn jáde pé bí kọ́ńpìnnì bá fi kún owó ẹrù, tí ẹlẹ́rù sì fẹjọ́ sùn, kọ́ńpìnnì ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé àfikún náà tọ́.

Òfin yìí dára lójú ẹlẹ́rù, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó bá mọ̀ pé bí òun bá dín owó kù lónìí, ó lè ṣòro láti gbé e padà sókè lọ́la, kò ní yá a lára láti dín in kù rárá.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ìjọba gba àkóso gbogbo rélùwéè, kò sì dá a padà títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1921. Láàárín ìgbà náà owó òṣìṣẹ́ àti owó èédú ti lọ sókè gan-an. Nígbà tí ọdún 1920 fi máa parí, owó ẹrù ti tó bí ìlọ́po méjì iye tó wà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

ÒFIN ỌDÚN 1921 ÀTI ÌGBÌMỌ̀ ADÁJỌ́

Òfin Rélùwéè ti ọdún 1921 kó àwọn kọ́ńpìnnì tó tó bí 120 jọ, ó sọ wọ́n di mẹ́rin pere: London Midland and Scottish, London and North Eastern, Great Western, àti Southern. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1923. Bí wọ́n ṣe di mẹ́rin yìí, ìdíje láàárín wọn dín kù. Nítorí náà òfin kan náà ní láti wá ẹni tí yóò dúró sáàárín olóko ọkọ̀ àti ẹlẹ́rù.

Ẹni náà ni ìgbìmọ̀ kan tí a lè pè ní Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Owó Rélùwéè. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó nínú rẹ̀ títí: amòfin kan tó jẹ́ alága, ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ òwò, àti ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ rélùwéè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gba bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi ènìyàn kún un láti inú ìwé orúkọ àwọn tí a ti yàn sílẹ̀, àwọn tó mọ ọ̀ràn òwò, iṣẹ́ àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ àti èrò ọkọ̀. Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni a ṣe fi àyè sílẹ̀ kí kọ́ńpìnnì wá sọ tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ náà sì wá sọ tiwọn, kí a tó dá iye owó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a? Èkíní, a to gbogbo ẹrù sí ìpele 21. Òkúta wẹ́wẹ́ àti irú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ẹrù olówó iyebíye wà lókè. Èkejì, a fi iye kan lé ìpele kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà bá ti jìn tó. Ẹ̀kẹta, a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí èrè àwọn kọ́ńpìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè tó iye tí wọ́n rí ní 1913, èyí tó jẹ́ bí mílíọ̀nù 51 pọ́n-ùn lọ́dún. Bí èrè wọn bá ju èyí lọ, a ó lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àjùlọ náà láti fi dín owó ẹrù kù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1928 ni iye tuntun wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kọ́ńpìnnì lè fún ẹlẹ́rù ní ẹ̀dínwó. Bí ẹ̀dínwó náà kò bá dín sí ìdá 5 nínú 100, tí kò sì ju ìdá 40 lọ, wọn kò ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo iye wọ̀nyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni lè béèrè rẹ̀ kí ó sì kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sọ́kàn. A ó tún padà bá a.

ÌDÍ TÍ ẸRÙ KAN FI Ń SAN JU ÈKEJÌ LỌ

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, bí tọ́ọ̀nù bíríkì àti tọ́ọ̀nù aṣọ bá wúwo bákan náà, kí ló dé tí wọn kò fi san iye kan náà? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Àwa la gbé àwọn iye yìí kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Kì í ṣe iye inú ìwé wọn.

Ká ní rélùwéè gbọ́dọ̀ rí ṣílè 26 lórí tọ́ọ̀nù bíríkì kan àti tọ́ọ̀nù aṣọ kan kí ó tó lè bọ́ òṣìṣẹ́, kí ó sì tún irin ṣe. Bí ó bá pín in dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san ṣílè 13. Aṣọ yóò san án láìmọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bíríkì kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń mọ bíríkì yóò kó o sílé, rélùwéè yóò sì pàdánù rẹ̀. Nítorí náà rélùwéè gba ṣílè 6 lórí bíríkì, ó gba 20 lórí aṣọ. Ẹrù olówó ń ran ẹrù mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí ni èédú, òkúta àti ajílẹ̀ fi ń rìn ní owó pọ́ọ́kú.

Ètò yìí dúró dáadáa níwọ̀n ìgbà tí rélùwéè nìkan bá ń kó ẹrù méjèèjì.

LỌ́RÌ DÉ

Nígbà tí ogun parí, ìjọba ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́rì ológun tí kò nílò mọ́, ó sì tà wọ́n. Ọ̀pọ̀ sójà tó padà wálé mọ ọkọ̀ wà, wọ́n sì fi owó tí ìjọba fún wọn ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1920, ọkọ̀ akẹ́rù tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bí 100,000. Nígbà tó di 1930, wọ́n ti súnmọ́ 350,000. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró káàkiri ní oṣù Karùn-ún ọdún 1926, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin kò rìn, lọ́rì ló kó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó lo lọ́rì nígbà náà rí i pé ó ń wá gba ẹrù lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì padà sí rélùwéè mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé owó nì ti wọlé nìyí. Òfin sọ pé rélùwéè gbọ́dọ̀ kọ iye owó rẹ̀ síta. Kò sí òfin kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún onílọ́rì. Onílọ́rì lè ka iye tí rélùwéè ń gbà lórí aṣọ, kí ó sì lọ bá aláṣọ pé òun yóò gbà dín díẹ̀. Òfin sọ pé rélùwéè kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú. Onílọ́rì lè mú ẹni tó wù ú, kí ó sì fi ẹni tí kò wù ú sílẹ̀. Rélùwéè ló ń tún ọ̀nà irin tirẹ̀ ṣe. Onílọ́rì ń san owó láìsẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n títì tó ń rìn, gbogbo ìlú ló jọ ń tún un ṣe.

Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Lọ́rì wá gbé aṣọ ní ṣílè 15. Bíríkì ńkọ́? Kò fẹ́ ẹ. Ó wúwo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Rélùwéè wá dúró pẹ̀lú bíríkì ní ṣílè 6. Bí ó bá dín owó aṣọ kù sí 15 kí ó má baà pàdánù rẹ̀, yóò ní láti gba ṣílè 11 lórí bíríkì, bíríkì kò sì lè san án.

Èyí ni pé òfin tí a ṣe láti gba ẹlẹ́rù lọ́wọ́ ẹni tó dá nìkan ṣe ọjà, kò yí padà nígbà tí onítọ̀hún kò dá nìkan wà mọ́. Èrè àwọn kọ́ńpìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó mílíọ̀nù 51 pọ́n-ùn tí òfin ṣírò fún wọn ní ọdún kankan láàárín ogun méjèèjì. Ní 1932 tí òwò dẹnu kọlẹ̀ ní gbogbo ayé, ó lọ sílẹ̀ dé bí ìdajì rẹ̀.

Ìjọba gbìyànjú láti ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́nà kan tó kan àgbẹ̀. Nípa òfin ọdún 1929, a yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó orí ilẹ̀ tí rélùwéè ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí kọ́ńpìnnì fi sápò: owó náà ni a fi dín owó èédú kù, àti ti irè àti ohun èlò oko bí wàrà, ẹran ọ̀sìn àti ajílẹ̀.

ÌJỌBA YÍJÚ SÍ LỌ́RÌ

Òfin Ìrìnnà Ojú Ọ̀nà ti ọdún 1930 ló kọ́kọ́ dé. Bọ́ọ̀sì ló bá wí jù. Ó pín ilẹ̀ náà sí agbègbè, ó yan kọmíṣánnà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n ń fún bọ́ọ̀sì láṣẹ láti rin ọ̀nà kan, wọ́n sì lè dá sí iye owó ọkọ̀. Ó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọlọ́kọ̀ ní ìṣúra ìdáàbòbò fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe. Ó sì sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù tàbí bọ́ọ̀sì ju wákàtí márùn-ún àbọ̀ lọ láìsinmi, tàbí ju wákàtí 11 lọ láàárín ọjọ́ kan. Kí òfin yìí tó dé, àìsùn awakọ̀ wà lára ohun tó ń mú kí owó lọ́rì rọjú.

Ní 1932, ìjọba pe àwọn ọ̀gá rélùwéè mẹ́rin àti aṣojú onílọ́rì mẹ́rin jọ lábẹ́ Sir Arthur Salter. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí lọ́rì ńlá máa san owó láìsẹ́ǹsì tó pọ̀ sí i nítorí ọ̀nà tó ń bàjẹ́, àti pé kí gbogbo lọ́rì gba ìwé àṣẹ. Láti inú èyí ni Òfin Ojú Ọ̀nà àti Ojú Irin ti ọdún 1933 ti jáde. Ó pín ìwé àṣẹ sí mẹ́ta:

Ìwé A ni ti ẹni tó ń fi lọ́rì kó ẹrù ẹlẹ́rù gba owó.

Ìwé B ni ti ẹni tó ń kó ẹrù ara rẹ̀, tó sì ń kó ti ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Ìwé D wọn, tí wọ́n ń pè ní C, ni ti ẹni tó ń kó kìkì ẹrù ara rẹ̀.

Onílọ́rì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ìwé A gbà fún iye ọkọ̀ tó ní. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ẹrù wà tí kò sí ọkọ̀ tí yóò kó o. Rélùwéè sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá síwájú kọmíṣánnà láti takò ó. Ìwé C nìkan ni kò sí àtakò fún: ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù ara rẹ̀ yóò rí i gbà. Nígbà tí ogun kejì fi máa dé, ìwé C ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo lọ́rì ilẹ̀ náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a ti dí ọ̀nà kan, ni ẹlẹ́rù gba òmíràn: ó ra lọ́rì tirẹ̀.

Ẹ wo ohun kan dáadáa. Òfin ọdún 1933 dín iye onílọ́rì tuntun kù, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí onílọ́rì gbọ́dọ̀ gbà lórí ẹrù. Owó rélùwéè wà lábẹ́ òfin, owó lọ́rì kò sí níbẹ̀. Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ wá di ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà a ra òwò ẹni tó ti ní ìwé, a sì san owó lé e nítorí ìwé náà. Ta ni yóò san owó náà padà níkẹyìn bí kò ṣe ẹlẹ́rù?

Òfin yìí kan náà fún rélùwéè láyè láti bá oníbàárà ńlá ṣe àdéhùn iye kan fún gbogbo ẹrù rẹ̀, bí ìgbìmọ̀ adájọ́ bá fọwọ́ sí i. Oníṣòwò kékeré tó bá rò pé àdéhùn náà yóò pa òun lára lè wá takò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, àwọn kọ́ńpìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde pẹ̀lú ìpolongo ńlá pé kí a tú àwọn sílẹ̀ pátápátá, kí àwọn náà lè máa dá owó bí onílọ́rì. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939. Ìjọba gba rélùwéè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1948, ó sì di ọdún 1962 kí òfin tó tú owó rélùwéè sílẹ̀.

NÍLÉ TIWA ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ ní ọ̀nà kan pàtàkì: ìjọba amúnisìn fúnra rẹ̀ ló ni rélùwéè. Irin tó ti Èkó wá ni a ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn Ogun Kìn-ín-ní, lọ́rì pọ̀ sí i, ó sì bá rélùwéè du ẹrù kòkó láàárín Ìbàdàn àti Èkó. Ìjọba tó ni rélùwéè yìí náà ló ń la ọ̀nà tí lọ́rì ń gbà, òun náà ló sì ń gba owó láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ onílọ́rì. Ẹni tó ń ta ọjà ló tún di òṣùwọ̀n mú. Òfin àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní 1935, àwọn ẹgbẹ́ olóko kòkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó kòkó wọn jọ tà pọ̀, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ní láti máa jọ gbà rò.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ fẹ́ dá iye owó ẹrù, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè ohun mẹ́ta.

Èkíní: ta ni òfin náà dè? Bí ó bá de ẹnì kan, tí ó sì fi ẹni tó ń bá a díje sílẹ̀, kò ní pẹ́ kí ẹrù tó dára sá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lómìnira. Ẹrù mẹ̀kúnnù ni yóò kù sẹ́yìn.

Èkejì: níbo ni a kọ iye náà sí? Iye tí a kò kọ síta, a kò lè mú un dání láti fi jà. Ohun tó jẹ́ kí àgbẹ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè bá kọ́ńpìnnì ńlá ṣẹjọ́ ni pé iye owó wà nínú ìwé.

Ẹ̀kẹta: ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún wa níwájú adájọ́? Níwájú ìgbìmọ̀ ọdún 1921, àwọn tó wá pẹ̀lú ìṣirò lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ń wúwo. Nítorí náà a rọ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ kí wọ́n máa kọ gbogbo ìrìn-àjò ẹrù sílẹ̀: ọjọ́, ìwọ̀n, ibi tó lọ, iye tí a san, àti èyí tó bàjẹ́ lọ́nà. Ìwé ọdún kan péré ju igbe ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní ti lọ́rì tiwa, ìwé C ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ẹni tó lè kó ẹrù ara rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn bí olọ́kọ̀ bá le jù. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ tó ra lọ́rì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣírò bóyá ẹrù yóò wà fún un lálọ àti lábọ̀, ní ìgbà ìkórè àti lẹ́yìn ìkórè. Lọ́rì tó lọ pẹ̀lú ẹrù tó bọ̀ lófìfo, ọ̀nà méjì ló jẹ epo, ọ̀nà kan ló pa owó. Ẹgbẹ́ tí ẹrù rẹ̀ kò bá tó lè bá ẹgbẹ́ tó wà nítòsí papọ̀ ra ọ̀kan, tàbí kí wọ́n jọ bá olọ́kọ̀ kan ṣe àdéhùn ọlọ́dún.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àgbẹ̀ kan tó dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àpò mẹ́ta yóò san iye tí a bá pè. Ẹgbẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àpò, tó sì ní ìwé ìṣirò lọ́wọ́, olọ́kọ̀ yóò jókòó bá a sọ̀rọ̀.